Wọn Ò Gba Gb Lẹ́nu Mi

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó síwájú mi lọ́jọ́ tí mo lọ dán ohùn mi wò ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àbújá. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, ilé iṣẹ́ rédíò aládàáni sì ń yọ jáde. Ọ̀gá láàárín àwọn mẹ́ta náà ni olórí ẹ̀ka ìròyìn. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n kà á sínú máìkì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìròyìn nípa olórí ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, tó kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, tó sì ṣètò bí wọ́n á ṣe máa jẹun níbẹ̀. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò kọsẹ̀, mi ò fo ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀kan nínú wọn ti fọwọ́ bo ẹnu, èkejì ń wo òkè àjà.

Ọ̀gá náà bi mí léèrè pé, “Sístà, ibo lo ti wá?”

“Ògbómọ̀ṣọ́, sà.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín mi jẹ. Gbogbo ibi tí Òyìnbó fi “h” sí, mo ti yọ ọ́ dànù, mo sì ti lọ kó o sí ibi tí wọn ò fi sí. Ilé, tí wọ́n ń pè ní “house”, “áòsì” ni mo pè é. “Eat”, tó túmọ̀ sí kéèyàn jẹun, mo ti sọ ọ́ di “heat”, tó túmọ̀ sí ooru. Ó ní bí mo bá ka ìròyìn náà sórí afẹ́fẹ́, gbogbo Àbújá á gbọ́ pé àwọn ọmọ aláìlóbìí ń gbóná nínú ilé olórí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn méjì tó kù kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́.

Ojú tì mí, àmọ́ inú tó bí mi ju ìtìjú lọ.

Mo ní, “Sà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo kà, àbí ẹ ò gbọ́?”

“A gbọ́.”

“Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, kí ló tún kù?”

Ẹ̀rín dá. Ó ká ìwé náà, ó ní kí n padà sí ọjà tí mo ti wá, pé èmi àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ò lè jọ gbé inú ilé kan. Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ fún un pé, “Màá padà wá, sà.” Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ padà wá o. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Òótọ́ ni pé láti ọjà ni mo ti wá. Bàbá mi ń ta ohun èlò aránṣọ ní ọjà Wúsè: òwú, bọ́tìnnì, síìpù, abẹ́rẹ́, ìwọ̀n téèpù. Gwarinpa la ń gbé, nínú ilé ẹ̀yìn kan tí onílé kọ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbà síṣẹ́ mọ́. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì yọjú, nítorí náà mò ń bá bàbá mi dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo ròyìn fún wọn nílé, ìyá mi ní kí n gbàgbé wọn. “Ibi tí wọ́n ti fi èèyàn ṣẹ̀sín, kí lo tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀?” Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ṣì jókòó sórí ẹní.

Ó bi mí pé, “Ṣé Òyìnbó tó ni èdè náà wà níbẹ̀?”

“Rárá, Bàbá. Ọmọ Yorùbá lọ̀gá wọn.”

“Ọmọ Yorùbá ń fi ọmọ Yorùbá rẹ́rìn-ín nítorí èdè elédè.” Ó mi orí. “Lọ kọ́ ọ. Má kọ́ ọ nítorí tiwọn o. Kọ́ ọ kó má bàa sí ohun tí wọ́n á fi dí ọ lọ́nà mọ́.”

Ẹni tí mo kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ oníbàárà bàbá mi. Ìyá àgbà kan ni, ọmọ Okun láti ìhà Kàbbà. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ ilé kékeré sí Bwari, lẹ́bàá òkè. Ó máa ń wá ra òwú tó fi ń gán etí aṣọ tábìlì. Lọ́jọ́ kan tó wá, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí wọ́n tún ẹnu mi ṣe. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta ló ní ẹnu rẹ bàjẹ́?”

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Ẹnu rẹ ò bàjẹ́. Máa bọ̀ ní Sátidé.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Bwari ní Sátidé-Sátidé nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń jókòó sí, lórí àga onírin méjì tó dojú kọra. Kò gbé ìwé fún mi rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ìwé ló ń da àwọn èèyàn láàmú, pé wọ́n ń fojú wá ohun tó yẹ kí wọ́n fi etí àti ọwọ́ wá. Dígí kékeré kan ló gbé lé mi lọ́wọ́.

“Gbé e súnmọ́ ẹnu. Ṣe bí ẹni tó fẹ́ nu dígí, kó o mí sí i.”

Mo mí sí i. Dígí náà ṣú.

“Òun ni ‘h’ yẹn. Èémí lásán ni. Kò sí eyín níbẹ̀, kò sí ètè, ahọ́n ò ṣe nǹkan kan. Nísinsìnyí, sọ ‘house’, kí dígí ṣú. Sọ ‘eat’, kí ó mọ́.”

Ó gbà mí lákòókò. Dígí á ṣú níbi tó yẹ kó mọ́, á mọ́ níbi tó yẹ kó ṣú. Mo bi í pé ṣé nítorí pé Yorùbá ò ní “h” ni. Ó ní irọ́ ni, Yorùbá ní in. A ń sọ pé omi ń hó, pé irun ń hù. Àmọ́ ní ibi tí mo ti dàgbà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń yọ ọ́ dànù. Mo rántí pé ìyá mi àgbà, omi “ń ó” ni ti ìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnu mi gbọ́ pé Òyìnbó fẹ́ràn “h”, tí kò sì mọ ibi tó yẹ kó wà, ó ń kó o káàkiri.

Ọjọ́ tó kọ́ mi ní “z” ni ojú mi là. Síìpù ni mo ti ń pe “zip” láti kékeré, mi ò sì mọ ìyàtọ̀ kankan. Ó ní kí n fi ìka méjì kan ọ̀nà ọ̀fun mi, kí n máa sọ “sss” bí ejò.

“Ṣé ọ̀fun rẹ ń gbọ̀n?”

“Kò gbọ̀n, Mà.”

“Má ṣe gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà. Jẹ́ kí ọ̀fun kùn sí i, bí oyin.”

Mo ṣe é, ọ̀fun mi sì gbọ̀n lábẹ́ ìka mi. Mo tún un ṣe. Ó ní, “Bí t àti d ṣe jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bẹ́ẹ̀ ni s àti z. Ibì kan náà nínú ẹnu ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan ń kùn, èkejì ò kùn. Yorùbá bí t, ó bí d. Ó bí k, ó bí g. Ó bí s, kò bí z. Ó bí f, kò bí v. Kò sí àléébù níbẹ̀. Bí ìdílé ṣe rí ni.”

Mo gba v nínú f lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí wọ́n ń fi “th” kọ, ó ní kí n yọ orí ahọ́n díẹ̀ sáàárín eyín, kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Ohùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ “church” ni mo bẹ̀rù jù, àmọ́ ó ní mo ti ní gbogbo rẹ̀ nílé, pé kí n di t mọ́ ṣ ṣinṣin, kí n jẹ́ kí wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà láti Bwari, mo máa ń kọ́ ọ lọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń kùn “zzz” lábẹ́nu, mo fọwọ́ di ọ̀fun mú. Obìnrin Haúsá kan tó jókòó tì mí wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní “Sànnu, sànnu.” Ó rò pé ara mi ò yá ni. Ó yí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún oníbàárà kan pé a ní “zip” gígùn. Bàbá mi gbójú sókè.

“Kí lo pè é?”

“Bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an nìyẹn, Bàbá.”

“Síìpù ni mo ń tà. Tí o bá fẹ́ ta èyí tó ń kùn, lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ.”

Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun olùkọ́ mi, àmọ́ ẹ̀yìn bàbá mi ló wà. Ó ní Yorùbá ti gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, ó ti sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú, ó sì ti di tirẹ̀. Tí mo bá ń sọ Yorùbá, síìpù ni. Tí mo bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí n kùn. Ó wá sọ ìtàn kan fún mi. Òyìnbó kan wà tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó fẹ́ràn Yorùbá gan-an. Títí tí Òyìnbó náà fi padà sílùú rẹ̀, kò lè pe “gbàgbé”. “Gàbàgébè” ló ń wí. “Kò sẹ́ni tó ní ẹnu rẹ̀ bàjẹ́,” ni ìyá náà wí. “Àtẹ́wọ́ là ń pa fún un pé ó gbìyànjú. G àti b tá à ń pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé o rò pé iṣẹ́ kékeré ni? Ìwọ ti ń ṣe é kí o tó hu eyín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju dígí àti oyin lọ.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, mo padà sí ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ọ̀gá kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Kò rántí mi títí mo fi rán an létí pé èmi ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìwé fún mi. Mo kà á. Kò sẹ́ni tó wo òkè àjà.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Tíṣà ni, sà.”

Wọ́n gbà mí, mo sì ń ka ìròyìn ọ̀sán. Bàbá mi gbé rédíò kékeré sí orí àtẹ bọ́tìnnì, ó ń fi han àwọn oníbàárà. Mo rò pé ìjà ti parí.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá náà fi ní kí n máa fi fónẹ́. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn máa sọ̀rọ̀ láti imú bí ẹni tó ti pẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ó ní kí n má ṣe pe omi ní “water” mọ́, kí n pè é ní “wọ́rà”, bí àwọn ará Amẹ́ríkà. Mo ní, “Sà, mi ò wọ bàálù rí. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà, irọ́ ni mò ń pa fún àwọn tó ń gbọ́ mi.” Ó ní kí n máa gbọ́ràn. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ní gb nínú, orúkọ Yorùbá tó dára, àmọ́ tó bá ń pè é lórí afẹ́fẹ́, ó máa ń yí i ká bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni ìròyìn kan láti Ushafa, abúlé kan nítòsí Bwari. Wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ nítorí pé àwọn obìnrin amọ̀kòkò gba ìléru tuntun tí wọ́n á máa fi sun ìkòkò. Mo bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń túmọ̀. Kí n tó lọ, ìyá náà di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n jọ̀wọ́, tí mo bá dé orí rédíò, kí n pe orúkọ ẹ̀yà wọn bó ṣe yẹ. Gbagyi lòun, kì í ṣe Gwari. Gwari ni àwọn ẹlòmíràn ń pè wọ́n. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Yauwa,” bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo kọ ìròyìn náà. Ọ̀gá mi fi bírò fagi lé Gbagyi, ó kọ Gwari sórí rẹ̀.

Mo ní, “Sà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn ń jẹ́.”

“Kò sí ẹni tó lè pe gb láyé. A ń ka ìròyìn fún gbogbo ayé níbí.”

“Ayé wo, sà? Àwọn tó ń gbọ́ wa, Ushafa ni wọ́n wà, Bwari ni wọ́n wà, Wúsè ni wọ́n wà.”

“Ka ohun tí mo kọ.”

Mo wọlé lọ síwájú máìkì. Nígbà tí mo dé orí ìròyìn náà, mo ka Gbagyi. Mo rí ọ̀gá mi lẹ́yìn gíláàsì, ó dìde dúró. Mo tún ka Gbagyi. Ó ń ju ọwọ́ sí mi. Ìròyìn tó tẹ̀ lé e kan àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà, mo sì pe Ìgbómìnà pẹ̀lú gbogbo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe ń pè é ní ilé bàbá mi.

Lẹ́yìn ìròyìn, ó pe gbogbo wa jọ sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n tọrọ àforíjì níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí n sì ṣèlérí pé mi ò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Mo ní, “Sà, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá síbí, ẹ lé mi nítorí pé mi ò pe ọ̀rọ̀ Òyìnbó bí Òyìnbó ṣe ń pè é. Mo gbà pé ó yẹ kí n kọ́ ọ, mo sì lọ kọ́ ọ. Téèyàn bá máa gbé ọ̀rọ̀ elédè sẹ́nu, ó yẹ kó pè é bí elédè ṣe ń pè é. Àbí kì í ṣe ohun tí ẹ sọ nìyẹn? Àwọn ará Ushafa náà ní èdè. Kí ló dé tí tiwọn ò fi kan ìlànà yìí?”

Mo wá bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa pe orúkọ yín, bí ìyá yín ṣe ń pè é.”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo bàtà rẹ̀. Mo rò pé ọ̀gá náà máa pè é. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ṣí. Àmọ́ ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, “Kó ẹrù rẹ.”

Mo kó o. Báàgì kan àti agboòrùn ni.

Ọjà Wúsè ni mo gbà lọ tààrà. Bàbá mi ti gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò rẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un pé wọ́n ti dá mi dúró, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ń to òwú pupa sí ibì kan, òwú dúdú sí ibì kan. Kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, “Ṣé o pè é dáadáa?”

“Mo pè é dáadáa.”

“Bá mi gbé páálí yẹn wá.”

Oṣù tó tẹ̀ lé e le. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé olóríkunkun ni mí. Ìyá mi ní kí n lọ bẹ ọ̀gá náà, ó tiẹ̀ wá ẹni tó máa bá mi lọ. Mi ò lọ.

Ìyá Bwari ló tún ṣí ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ amòfin máa ń wá bá a pé kó kọ́ àwọn ní bí wọ́n á ṣe sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè jókòó pẹ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Gwarinpa. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, mo ra dígí wẹ́wẹ́ àti pátákó, mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn amòfin ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn wọn, ìyàwó awakọ̀ kan láti Ọ̀ṣun tó fẹ́ lè bá tíṣà ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, àfáà kan, ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀, obìnrin Ìgbò tó ń ta oògùn, ọkùnrin Haúsá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín ohùn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì kọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́ wa ní ohùn kan láti ilé tirẹ̀. Ọkùnrin báǹkì náà kọ́ wa ní b kan tí Haúsá máa ń gbé mì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Èmi tíṣà ni mo gbẹ̀yìn kí n tó mọ̀ ọ́n pè, wọ́n sì dúró dè mí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ilé ìwé ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọmọ Yorùbá ni ìyá náà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi kí i ní Yorùbá.

Ó ní, “Àǹtí, Yorùbá ni mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ó ń hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nílé ìwé.”

Mo ní, “Mà, mi ò kì í yọ nǹkan kúrò lẹ́nu èèyàn. Mo máa ń fi kún un ni.”

“Màá san ohun tí ẹ bá ní kí n san.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, á sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣì gbọ́. Àmọ́ tó bá jí lówùúrọ̀, á kí yín ẹ káàárọ̀, ohùn rẹ̀ á sì pé.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmoore. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde, wọn ò sì padà wá. Ó dùn mí fún ọmọ náà. Àmọ́ bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn lónìí, ohun kan náà ni màá sọ. Mo padà sídìí pátákó, mo ní kí àfáà àti ìyàwó awakọ̀ gbé dígí wọn sókè, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ.